Èsì: Oúnjẹ tí kò wọ́n ní Seoul

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọmọ yín ń lọ kàwé ní Seoul, ní South Korea, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè máa jẹun gidi níta láìná owó gọbọi. Ó lè jẹ ẹ́ dáadáa! Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀.

Kó wá àwọn búkà kéékèèké tí wọ́n ti ń ta kimbap: ìrẹsì, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ewé inú òkun yí. Ṣùgbọ́n sundubu-jjigae ni mo fẹ́ràn jù, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ṣe bíi wàrà rírọ̀. Inú ìkòkò dúdú ni wọ́n ń gbé e wá, á ṣì máa hó lórí tábìlì bíi ẹni pé ó wà lórí iná. Wọ́n á fọ́ ẹyin sí i, ojú ẹ ló ti máa jiná. Ó pupa fòò, síbẹ̀ kì í ta tó ata rodo wa.

Kimchi, ìyẹn kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n jẹ́ kó kan, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá tán, kó ní kí wọ́n fi kún un, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Omi náà ọ̀fẹ́ ni, òun ni yóò lọ bù ú. Tí kò bá rí ṣíbí, kó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

Ẹ ní Mùsùlùmí ni yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún un: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn, ó sì máa ń wà nínú kimbap pàápàá. "Dwaejigogi" ni wọ́n ń pè é. Kó mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.