Ìwé Ní Strength Ni 8, Káàdì Mi Ní Justice Ni: Èwo Ni Kí N Gbà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Campos ni mò ń gbé ní Lagos Island, mo sì ń ta aṣọ ní Balógun. Lóṣù tó kọjá, mo ra káàdì tarot, àwọn káàdì aláwòrán tí wọ́n fi ń woṣẹ́, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ẹrù wọlé, ₦9,000 ló gbà. Kò sí ìwé kankan nínú páálí ẹ̀, ni mo bá wa ìwé àlàyé kan sórí fóònù. Nígbà tí mo gbé méjèèjì síra wọn, wọn ò bára mu. Ìwé ní Strength ni 8. Lórí tèmi, Justice ló wà níbẹ̀. Ìwé ní ẹnì kan tó wọ aṣọ dúdú ló wà lórí 5 of Cups. Tèmi, ife márùn-ún lásán ni, kò séèyàn níbẹ̀. Káàdì 13 ò tiẹ̀ lórúkọ rárá, egungun kan ló mú dòjé ńlá dání, orí èèyàn sì wà nílẹ̀. Ìyá mi rí i lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ilé ò gbà wá lọ́jọ́ náà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tó fà á ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi rà á, pé ẹlòmíì ló yẹ kó fún mi. Ó ní kí n kúkú lọ ra oracle, irú káàdì míì tí wọ́n fi ń woṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Aláṣọ Balógun

ÌDÁHÙN

Aláṣọ, o kú ọjà o.

Wọn ò lù ẹ́ ní jìbìtì. Káàdì gidi ló wà lọ́wọ́ ẹ, ìwé gidi ló sì wà lórí fóònù ẹ. Wọn ò kàn bá ara wọn tan ni. Ìwọ tí o ń ta aṣọ á mọ bó ṣe máa ń rí tí télọ̀ bá fi ìwọ̀n ẹlòmíì rán bùbá ẹ. Ohun tí o rà ni Tarot de Marseille, irú àtijọ́ ilẹ̀ Faransé. Ìwé tí o ń kà ń sọ nípa irú tí wọ́n gbé jáde ní London lọ́dún 1909.

Kó o síta kí o wò ó. Níbi nọ́ńbà, o máa rí IIII dípò IV, VIIII dípò IX. Lára àwọn ọba, o máa rí ROY DE COUPE, ìyẹn ọba ife. Ọ̀kan wà tí kò ní nọ́ńbà rárá, ọkùnrin kan tó fi igi kọ́ ẹrù lé èjìká, tí ẹranko kan ń fà á ní ṣòkòtò látẹ̀yìn. LE MAT ni wọ́n kọ sí i. Òun náà ni ìwé ẹ ń pè ní The Fool, tí wọ́n wá fún ní 0.

Káàdì 13 ò lórúkọ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ Marseille láyé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Àwa náà mọ irú ẹ̀ nílé wa: ta ló ń dédé pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ lọ́sàn-án gangan? Olóde là ń pè é, a ó sì kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ 8 yẹn, èyí tó dà ẹ́ láàmú jù, àwọn awo London ló fà á. Arthur Edward Waite ló gbé káàdì 1909 kalẹ̀, Pamela Colman Smith ló sì ya gbogbo àwòrán ẹ̀. Ẹgbẹ́ awo Golden Dawn làwọn méjèèjì ti wá, ẹgbẹ́ náà sì ti so káàdì mọ́ ìràwọ̀. Káàdì Strength, tí obìnrin fọwọ́ mú kìnnìún lẹ́nu, wọ́n fún Leo. Justice tó gbé òṣùwọ̀n dání, wọ́n fún Libra. Leo ló ṣáájú Libra nínú ọdún, wọ́n ní Strength gbọ́dọ̀ ṣáájú Justice nìyẹn, wọ́n bá pààrọ̀ àyè fún wọn. Nínú tìẹ tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Justice ṣì jókòó sórí 8, La Force, ìyẹn Strength, sórí 11. Nítorí náà, ohun tó bá wà lórí káàdì tí o mú dání ni kí o gbà. Ìwé ló yẹ kó tẹ̀ lé káàdì.

Ní ti ife márùn-ún: káàdì tarot jẹ́ 78. Ńláńlá 22 ni, kéékèèké 56. Àwọn kéékèèké yìí ní ìdílé mẹ́rin, ọ̀pá, ife, idà àti owó, 14 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nínú Marseille, 7 ife jẹ́ ife méje, ó parí. Smith ló fi èèyàn sínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ẹni tó ń sunkún, ẹni tó ń jí idà gbé sá lọ, ọmọdé méjì nínú ọgbà. Ohun tó gbé káàdì yìí káyé nìyẹn, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni wọ́n san fún un. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti orúkọ Waite, Rider-Waite, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń pè é, wọn ò pe tẹni tó fọwọ́ ya á. Ó máa ń bí mi nínú, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ra káàdì fúnra ẹ̀, ìtàn lásán ni. Tèmi àkọ́kọ́, èmi ni mo rà á, ní Yábàá, lọ́dún 2009. Àléébù tó ní kò kan ẹni tó sanwó ẹ̀. Mo ti ń lò ó bọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo sì ti ń wò fáwọn èèyàn, kí n tó jókòó kà á lọ́jọ́ kan tí iná lọ. Ó pé 78. Àmọ́ 7 ife jẹ́ méjì, 9 idà ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí ẹnì kan tó lè fa káàdì ẹni tó jí lóru tó fọwọ́ bojú, ní Èkó tí gbogbo wa ò sùn yìí. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ gbà á padà, mo ti tú u. Látìgbà náà, iwájú ẹni tó bá fẹ́ tà á fún mi ni mo ti ń kà á, mo sì ń kà á ní ìdílé ìdílé. Tí o bá ka 36, Lenormand, irú káàdì míì, ni wọ́n gbé fún ẹ, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Oracle wá ńkọ́? N ò sọ pé kí o má rà á. Oracle ò ní òfin: ẹni tó ṣe é ló mọ iye tó wù ú, ọ̀pọ̀ máa ń jẹ́ 44. Wọ́n á ya òdòdó tàbí áńgẹ́lì, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀: Sùúrù. Ìdáríjì. Sinmi. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, o ti ń lò ó. Àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni káàdì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Tó bá sọ "Sùúrù" fún ẹ lọ́jọ́ Ajé, "Sùúrù" náà ló máa sọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní káàdì kan tó korò. Ìwọ tí o wà ní Balógun, ibi tí ọlọ́jà bá ti ní gbogbo ẹrù òun ló dáa, ṣé àyà ẹ kì í já? Èmi ní méjì. Mo máa ń fa ẹyọ kan nínú wọn tí mo bá wò ó tán fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ bàjẹ́, kí n fi sìn ín jáde.

Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kọ́ ọ, ra ti 1909, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀. Àìmọye ló wà, títí kan èyí tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Má fi orúkọ yan káàdì, má sì fi ẹwà páálí yàn án. Ní kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán 5 ife, 10 idà àti òṣùpá hàn ẹ́. Gbé ìwé sílẹ̀. Wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ìjà àdúgbò fún aládùúgbò. Tí ọ̀rọ̀ ò bá jáde, káàdì yẹn kì í ṣe tìẹ, bó ti wù kó rẹwà tó.

Mo ń sọ 5 ife nítorí ohun tí ojú mi rí. Obìnrin kan wá bá mi ní Ojúẹlẹ́gba láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ẹni tí wọ́n jọ ń dá okòwò ti kó owó lọ. Káàdì tó fà nìyẹn: ẹni tó wọ agbádá dúdú, tó dorí kodò, ife mẹ́ta dà nù síwájú ẹ̀, odò ń ṣàn, afárá wà lọ́ọ̀ọ́kán. N ò tíì lanu. Ó fi èékánná tí ọ̀dà pupa ti ń ṣí lára ẹ̀ tẹ ibì kan lẹ́yìn ọkùnrin náà. "Àǹtí, àwọn méjì yìí ò tíì dà nù o." Ó dákẹ́. Ó wá dárúkọ oníbàárà méjì, ọ̀kan ní Òṣòdì, ọ̀kan ní Agége, tí wọn ò tíì sá fún un. Ó dìde, ó bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ pè wọ́n. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ débi pé tíì tí mo gbé fún un tutù. Kò sí ibi tí mo ti ṣàlàyé káàdì kankan lọ́jọ́ náà, mo sì gbowó. Ká ní ife márùn-ún lásán ló wà níbẹ̀, bóyá là bá tètè débẹ̀.

Bí o ṣe máa lò ó ò le. Láràárọ̀, kí o tó sọdá sọ́jà, po ó, fa ẹyọ kan, kọ ohun tí o rí sínú ìwé kékeré. Lálẹ́, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, ìwé tìẹ á wúlò fún ẹ ju èyí tó wà lórí fóònù lọ. Má bi í pé "ṣé ó máa fẹ́ mi?" Bi í pé "kí ni mi ò fẹ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Má fi bi nọ́ńbà lọ́tò, má fi bi àìsàn, ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá, ilé ìwòsàn ló ń lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ẹ́ ní babaláwo. Ifá ní odù 256, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Ohun tí èmi ń ṣe ò sún mọ́ ọn, n kì í sì í gbé wọn sórí ẹní kan náà.

Pípò náà ń ṣòro fún ọwọ́ kékeré, torí káàdì tarot sábà máa ń gùn tó mìlímítà 120, ó ga ju whot lọ. Má máa tẹ̀ ẹ́ wọnú ara wọn bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń ṣe whot, á ká. Da gbogbo ẹ̀ dojú bolẹ̀ sórí aṣọ, kí o fọwọ́ méjèèjì rò ó kiri bí ẹni ń wa ẹyọ owó nínú gàrí. Ọ̀tá ẹ̀ gan-an ni ọ̀rinrin Èkó. Nígbà òjò, ó máa wú, á lẹ̀ mọ́ra. Agolo bisikíìtì ni mo ń kó tèmi sí, pẹ̀lú àpò kékeré funfun tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà. Ó ń fa omi.

Abẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́? Wọ́n á ní kí o sùn lé e kó lè mọ̀ ẹ́. Ohun tó máa ṣe ni pé igun ẹ̀ á tẹ̀, ìyá ẹ á sì rí i. Lọ bẹ̀ wọ́n, kí o wá sọ òótọ́ fún wọn. Àríwá Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tarot, láàárín ọdún 1400 sí 1500, eré ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n ṣì ń fi ṣeré ní Faransé dòní, pẹ̀lú káàdì 78, bí àwa ṣe ń fi whot ṣeré. Ọdún 1781 ni ará Faransé kan, Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé láti Íjíbítì ayé àtijọ́ ló ti wá. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún náà ni wíwò ẹ̀ gbòde kan. Tí wọ́n bá ṣì ní kó má wọlé àwọn, ilé wọn ni. Fi sí ṣọ́ọ̀bù.

Má tíì ju Marseille yẹn nù. Dì í sínú ọ̀rá, gbé e pamọ́. Lẹ́yìn ọdún kan tí ti 1909 bá ti mọ́ ẹ lọ́wọ́, mú ife márùn-ún yẹn jáde kí o tún wò ó: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ẹyọ kan láàárín tí kò sí lápá ẹnikẹ́ni.