Ẹ́ńjìnì rélùwéè kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 dọ́là ń kú lọ́nà: ṣé kí n dá a padà ni àbí kí n tú u?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀njíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mo ti fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ojú irin kékeré orí tábìlì ni mo fi ń najú láti ìgbà tí mo ti wà ní London, mo sì kó rélì àti kọ́ńtúrólà mi bọ̀ nígbà tí mo ń padà wálé. Ọmọ mi tó wà ní Houston ra ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì kan ránṣẹ́ sí mi, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjìlá, ó ní ohùn nínú, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 dọ́là. Mo gbé e sórí rélì, ohùn ń jáde bí ẹni pé Ìddó ni mo dúró sí, àmọ́ kò lọ, ìgbà tí mo yí kọ́ńtúrólà dé ìdajì ló tó ṣí. Tó bá ń lọ náà, á kàn kú lójijì, á tún jí, ó ń dún kó, kó, kó lábẹ́, tó bá sì dé kọ́nà á já bọ́. Irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tiẹ̀ ti já sínú páálí kí n tó ṣí i. Ẹnìkan ládùúgbò ní kí n da ọ́ìlì sí i. Ọmọ náà tún fi àdápítọ̀ Amẹ́ríkà kan sínú ẹ̀, mi ò tíì kì í bọ iná. Ṣé fẹ́èkì ni wọ́n tà fún un ni? Ṣé kí n dá a padà ni àbí kí n tú u fúnra mi?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọrọ̀ ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, kì í ṣe fẹ́èkì. Ọrijínà ni, àìsàn ọrijínà ló sì ń ṣe é. Ìsọ̀ mi wà ní Ṣágámù níbí, mọ́tò kéékèèké ni mo ń tún ṣe, ti mááṣínì ìránṣọ, ti fáànù, ti dúróònù àwọn tó ń ya fọ́tò òde, àmọ́ ó ti ṣe díẹ̀ báyìí táwọn tó ti òkè òkun dé ti ń gbé ẹ́ńjìnì rélùwéè wọn wá bá mi, débi pé ìyàwó mi ti sọ mí ní Ọ̀gá Rélùwéè, nínú Rẹ́mọ tí rélùwéè ò gbà kọjá rí o, ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ni òyìnbó gbé e gbà lọ Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni ti tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 tún gbà.

Ohun tí mo rí nínú àwọn tí mo ti tú ni pé owó gọbọi yẹn, ẹwà lẹ fi rà. Ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, lẹ́tà tó wà lára ẹ̀ ń bẹ tó jẹ́ pé àfi téèyàn bá mú awò kó tó lè kà á, ẹ wo àwọn irin ìdìmú tó tín-ín-rín bí irun, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oríṣiríṣi kọ́ńpìnì ni, wọ́n á ṣe ìwọ̀nba iye kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn tó máa rà á á ti béèrè fún un sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, gbogbo èèyàn ń retí. Nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í ju kí wọ́n sún un síwá sẹ́yìn díẹ̀, tó bá lọ, ó ti yege nìyẹn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó se eléyìí ò tọ́ ọ wò kó tó bù ú fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ máa tọ́ ọ wò, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí ọjọ́ ìdápadà ò tíì kọjá.

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí ẹ rò yìí ṣá, ẹ́ńjìnì yẹn ò jẹ̀bi gbogbo ẹ̀.

Ti pé ohùn ń jáde tí kò sì lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é rárá. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dékódà, òun ló ń ṣe ohùn, òun náà ló ń darí mọ́tò. Kọ́ńtúrólà tí ẹ gbé bọ̀ láti London, iná DC ló ń fún rélì, láti 0 títí dé bíi 12 fóltì. Dékódà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ nínú iná yẹn yó kó tó bu èyí tó kù fún mọ́tò, ó lè gbà tó fóltì 5, 6, tàbí 7 pàápàá kí táyà tó yí. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ yín á ti máa sáré, ibẹ̀ ni eléyìí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hú ikọ́. Tí ẹ bá ra kọ́ńtúrólà DCC, irú èyí tó ń gba orí rélì fi àṣẹ ránṣẹ́ sí dékódà, lọ́jọ́ iwájú, iná á kún orí rélì nígbà gbogbo, ẹ́ńjìnì á sì máa yọ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ó fi máa pè é, tí wọ́n sábà máa ń fún un láti ilé iṣẹ́, ni 3.

Ti jíjábọ́ ní kọ́nà, ọ̀rọ̀ rélì yín nìyẹn, ó dá mi lójú tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Rélì OO ti ìlú ọba àti HO ti Amẹ́ríkà, fífẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, mílímítà 16.5, ìyẹn ni ẹ́ńjìnì yín ṣe bọ́ sórí ẹ̀ láìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé OO jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti ọkọ̀ gidi, HO sì jẹ́ ìdá kan nínú 87. Àmọ́ kọ́nà tó máa ń wà nínú páálí rélì ìlú ọba há, láti àárín róbótó dé àárín rélì lè jẹ́ mílímítà 371 tàbí 438. Dísẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ méjìlá ti Amẹ́ríkà gùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ínṣì 18, ìyẹn mílímítà 457, àwọn tó tóbi jù ń béèrè 22. Ẹ wo ìwé tó wà nínú páálí, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù wọn róbótó yín láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, kí ẹ pín in sí méjì. Bí ẹni pé trélà gígùn fẹ́ yà wọ ojúlé yín lọ̀rọ̀ náà, dírẹ́bà ò lè ṣe é. Àfi tó bá ń já bọ́ lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan ni ká tó bá ilé iṣẹ́ wí, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n ti táyà méjì sí orí ọ̀pá kan kí wọ́n sún mọ́ra jù tàbí kí wọ́n jìnnà síra jù. Ẹ fi kálípà wọn ẹ̀yìn táyà sí ẹ̀yìn táyà, ó yẹ kó wà ní àyíká mílímítà 14.4, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bára mu.

Ó wá ku kíkú lójijì àti kó-kó-kó yẹn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tó bá ń kú tó ń jí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun àti sípírítì nu orí rélì àti ojú táyà gbogbo. Rélì tó ti wà nínú àpótí láti London, tí ọyẹ́ wá da eruku lé, kò tíì lẹ́nu láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó sáré ju ìdajì lọ díẹ̀, torí ní ìdajì yẹn dékódà ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ni, tí iná bá fi ṣẹ́ ìṣẹ́jú akàn báyìí, ó ti sùn padà. Tó bá ṣì ń kú, ẹ da ẹ́ńjìnì dé lórí fóòmù, kí ẹ mú wáyà méjì láti ara kọ́ńtúrólà, kí ẹ fi ìkan kan táyà apá ọ̀tún, ìkejì kan táyà apá òsì, kí ẹ máa sún un láti orí táyà sí orí táyà. Ibi tí ohùn bá ti ń dún dáadáa, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá kàn tó dákẹ́ lọ gbári, ẹ ti mú olè náà nìyẹn. Lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan ni bàbà pẹlẹbẹ kan wà tó ń ra á lára láti gba iná, ó fúyẹ́ bí ewé, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń tò ó, kò ní kan táyà mọ́.

Oníbàárà mi kan láti Ìpẹru gbé tiẹ̀ wá lọ́jọ́sí, bàbà tiẹ̀ dáa gbogbo. Mo fi mítà tọ wáyà lọ títí, mítà ń dún, ń dákẹ́, ń dún, páṣà nìyẹn, ìyẹn wáyà tó ń kan tó tún ń já, mo wá tan iná sí orí bọ́ọ̀dù, mo rí wáyà pupa kan tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù bò lórí rúmúrúmú bí ẹni pé ó mú un. Mo fi tíwísà fà á, ó yọ wọ́ọ́, orí wáyà yẹn ń dán, lẹ́ẹ̀dì ò kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló kàn fara tì. Ohun tí mo fi tún un ṣe ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀gbẹ́ni náà sì ti fi oṣù mẹ́rin bá ẹni tó tà á fún un jà.

Kó-kó-kó yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Gíà kan wà lórí ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan, rọ́bà líle ni, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, agbára ni wọ́n fi tì í sórí ọ̀pá irin. Tí ihò gíà bá há ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, irin á máa tì í láti inú lọ́sàn-án lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ló wà tẹ́nikẹ́ni ò lò ó, títí á fi sán láàárín eyín méjì. Àlàfo eyín méjì yẹn á wá fẹ̀ ju ti ìyókù lọ, gbogbo ìgbà tó bá yí kan ibẹ̀ á fò, kó. Bẹ́ẹ̀ bá rí i, sísán yẹn dà bí ìlà irun, ojú lásán lè má rí i. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́ fún yín o, irú rọ́bà yẹn ń yọ̀, gúlù kì í mú un, ká tiẹ̀ ní ó mú un, àlàfo náà ò ní padà sí bó ṣe wà. Gíà mìíràn ni kí wọ́n fi sí i.

Nípa dídá padà, èmi ní tèmi ò ní gbé e padà sí Amẹ́ríkà lódindi, owó ìfiránṣẹ́ á jẹ nínú owó ọjà. Ẹ má tíì ṣí ara ẹ̀ o, ṣíṣí lè ba wárántì jẹ́. Ẹ fi fóònù ya fídíò lónìí: páálí àti nọ́ńbà ara ẹ̀, irin tó já nínú fóòmù, ẹ́ńjìnì tó dojú dé tó ń dún kó. Ọmọ yín ni kó fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, torí òun ni wọ́n tà á fún, kó ní kí wọ́n fi gíà àti ọ̀pá táyà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà kẹ́ ẹ ṣí i láìba wárántì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà torí ó dín wàhálà wọn kù. Kó má ní òun ń dúró dìgbà tí òun bá wálé fún Ojúde Ọba, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é, tí gíà tó wà nílẹ̀ bá tán, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó ṣe òmíràn, wọ́n sì lè má ṣe é mọ́. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ gbé e wá sí Ṣágámù tàbí kí ẹ ṣe é fúnra yín, kò le.

Irin ìdìmú yẹn, ẹ wá a nínú fóòmù, ẹ tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí, orí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi kan gúlù, súpágúlù tó bá sún mọ́ fèrèsé á sọ ọ́ di funfun bàlàù.

Ẹni tó ní kí ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ bá mi kí i. Ọ́ìlì tó bá ṣàn dé táyà á pa kọ́ńtáàtì, tó bá dé inú mọ́tò á dọ̀tí dúdú. Ẹ̀kán kan, irú èyí tí kì í ba rọ́bà jẹ́, lẹ́nu abẹ́rẹ́, nígbà tí ìwé ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, ó tán.

Àdápítọ̀ yẹn, ẹ ṣeun tí ẹ ò kì í bọ iná. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Tó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná tiwa 240 ni, á jó kí ẹ tó pe NEPA, ẹ wá stẹ́ẹ̀pù-dáùn tó ń sọ 240 di 120 sí i.

Tẹ́ ẹ bá tún rí tòkunbọ̀ tó wù yín, ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ irin abẹ́ ẹ̀. Síńkì ni wọ́n fi ń dà á, tí lẹ́ẹ̀dì bá ti dàpọ̀ mọ́ síńkì yẹn nígbà tí wọ́n ń dà á, bó bá pẹ́ á wú, á tẹ̀, á máa rún, kò gbóògùn. Tí rúlà bá rí àlàfo, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Nísinsìnyí, kí ẹ tó ya fídíò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kan ojú táyà kan, ẹ dojú ẹ́ńjìnì dé, ẹ jẹ́ kó yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ ka iye kó tó dún kí ṣọ́ọ̀kì tó padà yípo. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, gíà orí ọ̀pá táyà ni. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gíà tó wà lókè ẹ̀ ni, orúkọ gíà tí ọmọ yín máa béèrè á yàtọ̀. Ẹ kà á, kí ẹ padà sọ iye tó jẹ́ fún mi kó tó kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù.