Èsì: Kí ló dé tí sígínà Òkè-Fìà àti ti Dada Estate fi jọra?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní RTL-SDR yín (rédíò kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà) ka iye kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó Òkè-Fìà àti ní Dada Estate. AGC ló fà á, ìyẹn ohun tó ń yí gain (bí rédíò ṣe ń fi kún agbára sígínà) padà fúnra rẹ̀: bí sígínà bá lágbára, á dín gain kù, bí kò bá lágbára, á gbé e sókè. Ẹ yọ gain kúrò nínú iye dB (òṣùwọ̀n agbára sígínà) tí ẹ rí, tàbí kí ẹ pa AGC, kí gain wà lójú kan.

Ti carrier púpọ̀ (ìgbì rédíò tó ń gbé ìròyìn) lẹ́ẹ̀kan náà ló le. AGC kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Èyí tó lágbára jù ló ń pàṣẹ, èyí tó kéré á sì rì sínú ariwo ADC (ẹ̀yà tó ń sọ sígínà di nọ́ńbà). Bíìtì 8 péré ni ADC yín ní: láti sígínà tó lágbára jù dé èyí tó kéré jù tó lè kà, bíi dB 50 ni! Ẹ kọ́kọ́ wá filter tó ń jẹ́ kí carrier tí ẹ fẹ́ nìkan wọlé. Ẹ má sì gbé gain dé góńgó o, ṣóńṣó sígínà OFDM (irú èyí tó ń pín dátà sórí ọ̀pọ̀ carrier kékeré) á kọjá agbára ADC.