Ọmọ mi ń bi mí bóyá Zeus ni Ṣàngó

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbí ní Leeds, ni wọ́n bá jọ wo Clash of the Titans, fíìmù nípa Zeus, ọba àwọn òrìṣà Gíríìkì àtijọ́, èyí tó jáde ní 2010. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ dá sùn mọ́, ó ní obìnrin tí ejò hù lórí rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó tì mí lójú ni pé ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Zeus yẹn ni Ṣàngó tí Màmá àgbà máa ń sọ?" Mo dákẹ́, mi ò rí nǹkan sọ. Bàbá rẹ̀ ní kó má wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òrìṣà ni òrìṣà ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?

Èsì

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ilé. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti oorun kúrò nílẹ̀. 12A ni wọ́n fún fíìmù yẹn ní sinimá níbí, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ wọlé wò ó láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojo kọ́ ni ọmọ rẹ. Fi iná kọ́rídọ̀ sílẹ̀ fún un títí Medusa, obìnrin eléjò yẹn, yóò fi lọ. Kó o sì rọra bá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ti ọkọ rẹ náà kò ṣòro. Bó bá dí i nílé, kíláàsì ni yóò ti bá a pàdé, torí ìtàn Gíríìkì àtijọ́ wà nínú ohun tí ìjọba England ní kí wọ́n kọ́ ọmọ ọdún 7 sí 11. Ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó tì í.

Ó wá ku Ṣàngó. Má yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló ni àrá lóòótọ́. Kódà àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù máa ń rí òkúta àtijọ́ nínú ilẹ̀ tí wọ́n á ní àrá ló jù ú sílẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pè é ní ẹdùn àrá. Ṣùgbọ́n Zeus kò fìgbà kan jẹ́ èèyàn rí. Ọmọ Cronus ni, inú òrìṣà ni wọ́n bí i sí, tó bá sì di èèyàn, ó kàn para dà ni, nígbà mìíràn láti lọ tan obìnrin. Ṣàngó tiwa jẹ Aláàfin. Ó gorí àpèrè l'Ọ́yọ̀ọ́, ó níyàwó, ó bá ìjòyè jà, kó tó di òrìṣà.

Èkejì ni mo fi ń rọ̀ ọ́ jù. Àwókù tẹ́ńpìlì Zeus, àwọn arìnrìn-àjò ló ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣàngó ṣì ń gba ẹbọ l'Ọ́yọ̀ọ́ lónìí. Ní Salvador, ní Bùràsíìlì, ilé òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Ilé Axé Opô Afonjá, láti 1910, Ṣàngó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní Kúbà, bàtá ni wọ́n fi ń kí i. Èmi kì í sìn ín, ìwọ náà ò sìn ín, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí ọmọ mi rò pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ya Ṣàngó.

Nígbà tí àwọn tèmi ń wo fíìmù náà, ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà, mo sì ń dá a dúró. Kraken, ẹranko abàmì inú òkun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn, kì í ṣe ara Gíríìkì rárá, inú ìtàn àwọn atukọ̀ Norway ni wọ́n ti yá a. Hades tí wọ́n sọ di ọ̀dàlẹ̀, ìbò ni òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣẹ́: Zeus mú ojú ọ̀run, Poseidon mú òkun, isà òkú kan òun. Àwọn Djinn inú aṣálẹ̀, tí ara wọn dà bí igi tó jó, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Àwa la sọ ọ́ di àlùjọ̀nnú! Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ nígbà tí mo sọ fún wọn pé orúkọ tí ìyá mi fi ń dẹ́rù bà mí nígbà tí mo bá ń ṣeré ní ọ̀sán gangan nìyẹn.

Àmọ́ Andromeda ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nínú fíìmù, ọmọ ọba Argos ni, òyìnbó pọ́ńbélé. Nínú ìtàn àtijọ́, Cepheus ọba Ethiópíà ni bàbá rẹ̀, ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ tó wà ní gúúsù Íjíbítì ni wọ́n sì sábà máa ń fi orúkọ yẹn pè. Ovid, akéwì Róòmù, kọ ọ́ kedere pé àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí ti ìlú rẹ̀. Òun gan-an ni Perseus, akọni inú ìtàn náà, gbé níyàwó, kì í ṣe Io, obìnrin mìíràn tí wọ́n fún un nínú fíìmù. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. "Ẹ dúró ná. Ta ló yọ ọ́ kúrò?" Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú iṣẹ́ àmúrelé, ojú ìwé mẹ́ta.

Kí ẹ tó tún un wò, pe Màmá àgbà lórí WhatsApp, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ti Ṣàngó àti Gbọ̀ọ́nkáà fún un. Ìwọ máa túmọ̀ sí i létí. Tèmi bi ìyá mi bóyá Ṣàngó lè na Zeus. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Súùsì wo? Ọmọ ta ni?"