Orin Ẹ̀fẹ̀ ti kún àkáǹtì wa, ibo ni ká kó o lọ?

LÁTI KÉTU: Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa ni mí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, orin Ẹ̀fẹ̀ àti àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Inú àkáǹtì Google tí ọmọ mi ṣí fún wa ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n ti wá ń kọ̀wé sí wa pé àyè ti kún, ká máa sanwó lóṣooṣù. Ọmọ mi ní ká kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo rẹ̀ lè pòórá. — Ìyá Ìbejì

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọdún 2001 ni UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ohun tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò ni, àmọ́ irú yín tó jókòó ti ìyá àgbà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó máa pòórá lálẹ́ òní. 15 GB ni Google ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà, àwòrán àti fáìlì ló sì jọ ń pín in. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2021, àwòrán tí wọ́n bá fún pọ̀ kì í jẹ nínú àyè yẹn. Láti ìgbà náà, gbogbo èyí tí ẹ bá fi síbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti kún, lẹ́tà tuntun ò ní wọlé mọ́. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2, wọ́n lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Àkókò ṣì wà fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀.

Ọmọ yín ò ṣìnà, àmọ́ ohun tó yẹ ká fi parí ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kúrò nílé onílé, ẹrù ló kọ́kọ́ ń kó.

Ẹ ra háàdì dísìkì méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Kẹ́ ẹ wá jókòó ti kọ̀ǹpútà tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró dáadáa, kẹ́ ẹ wọ takeout.google.com, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí ẹ gba ẹ̀dà ohun tí ẹ kó sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ àmì kúrò lórí gbogbo nǹkan, kẹ́ ẹ wá mú Google Photos àti Drive nìkan. Wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kí ìdì kọ̀ọ̀kan tóbi tó. Ẹ mú 2 GB. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́nu 50 GB, ìyà ńlá ni. Líǹkì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí náà ẹ gbà á wálẹ̀ kíá.

Ẹ ó rí fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí .json lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòrán. Ní Wàndó níbí, mo ti rí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ń pa wọ́n rẹ́ fún oníbàárà, wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Ẹ má gbà fún wọn o! Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán àti àlàyé tí ẹ kọ sí i, inú ibẹ̀ ló wà.

Kí háàdì dísìkì kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà nílé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́, níbi tó jìnnà sí tiyín. Ẹ ṣí ohùn bíi mélòó kan gbọ́ nínú méjèèjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí Google.

Ohun tó ká mi lára jù, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Orin Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe orin ijó lásán. Wọ́n ń fi súre, wọ́n sì ń fi tú àṣírí ẹni tó ń ba ìlú jẹ́, nígbà mìíràn tòun ti orúkọ. Lóru ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ìlú ló gbọ́ ọ, ìlú ló mọ ohun tó fà á. Bí orin yẹn bá bọ́ sórí Facebook, ọmọ ẹni tí wọ́n bú, tí wọn ò tíì bí nígbà náà, lè bá a pàdé lọ́wọ́ àjèjì. Ohun tó sì wà lórí Google Photos, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, iléeṣẹ́ náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn àgbà, kẹ́ ẹ jọ ya ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà tọkàntọkàn pé kó jáde, Wikimedia Commons, ibi ìkó-nǹkan-sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà fún gbogbo ayé, yóò gbà á, ẹnikẹ́ni á sì máa gbọ́ ọ láìsanwó. Èyí tó ní orúkọ ènìyàn nínú, tàbí èyí tí ìyá àgbà sọ fún yín nítorí pé ẹ̀yin ni, ẹ fi VeraCrypt, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti fáìlì pa, tì í sínú háàdì dísìkì. Ọ̀fẹ́ ni VeraCrypt, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ènìyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé, torí bó bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni láti ọdún 2009. Àjọ APDP ló ń mójú tó o.

LÁTI ṢÁBẸ: Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkópì. Ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní Windows 10 ti kú, kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n, Windows ló kú, ẹ̀rọ yín ò kú. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tó máa ń ṣe déédéé dúró lórí Windows 10, Windows 11 kò sì gbà láti wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́, torí ó ń béèrè ṣíìpù ààbò TPM 2.0. Linux Mint, ètò mìíràn tó lè gba ipò Windows lórí ẹ̀rọ yín, kò béèrè ìyẹn. RAM 4 GB tó o, kò sì gba sẹ́fà kankan. Ẹ fi sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, kò ní pa ohunkóhun yín rẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má tíì yí padà.

LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tí ẹ ó máa lò níbẹ̀, máa ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n ìwé ìpè ìgbéyàwó tó kún fún fọ́ńtì lè dàrú. Ẹ ní kí oníbàárà máa fi PDF wá. Bí wọ́n bá ní nǹkan eré ni Linux, àwọn jàǹdámù ilẹ̀ Faransé ti ń kó ẹ̀rọ wọn bọ́ sórí ẹ̀ láti ọdún 2008. Àǹfààní kan tún wà tí inú mi dùn sí púpọ̀: ẹ ó rí àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá nínú rẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹ lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ bó ṣe yẹ.

LÁTI ÀJÀṢẸ́: Ṣé kí n yọ WhatsApp kúrò, kí n bọ́ sórí Signal?

Àbúrò, má tíì yọ ọ́, gbogbo ẹbí rẹ ló wà níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ohun tí ẹ ń kọ síra yín lórí WhatsApp ti wà ní títì, ìlànà Signal gan-an ni wọ́n sì fi tì í. Àmọ́ Meta tó ni WhatsApp mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ẹ sọ ọ́. Signal kì í tọ́jú ìyẹn. Fi Signal sórí fóònù, kí o fa ẹni tí ẹ jọ ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí wá síbẹ̀. Lórí WhatsApp, wá ibi tí wọ́n ti ń ti ẹ̀dà ìpamọ́ nínú ètò rẹ̀, kí o tàn án. Bí o kò bá tàn án, ẹ̀dà tó ń lọ sí Google Drive kò ní kọ́kọ́rọ́ tìrẹ.