Èsì: Ọmọ mi ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Uyo ti ń lọ Lutheran, ẹ wá ń bẹ̀rù pé bóyá ẹgbẹ́ awo ni, háà! Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ọmọlẹ́yìn Luther ni wọ́n, àlùfáà Jámánì tó bẹnu àtẹ́ lu títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ní 1517, wọ́n sì ti wà ní Akwa Ibom láti 1936. Wọ́n ń ṣèrìbọmi fọ́mọ ọwọ́ bíi tiwa Áńgílíkà l'Ọ́fà níbí, tó bá sì di oúnjẹ Olúwa, wọ́n gbà pé ara Kristi gan-an ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé iṣẹ́ ìsìn ò mọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, ẹni tó ń ta gàrí náà, ìpè Ọlọ́run ló ń jẹ́.