Gbèsè ààwẹ̀, Àráfà àti Ojúde Ọba

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Iléyá 2026 yìí la fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká sì wo Ojúde Ọba. Ààwẹ̀ méje ṣì wà lọ́rùn mi láti inú Rámádánì nítorí nǹkan oṣù. Mo rò pé kí n san án nílé, torí ọ̀sán ìhín ti gùn jù. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ oúnjẹ wọn lásìkò ọdún. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, tún ní òun fẹ́ gba ti Àráfà, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mi ò fi ní ṣẹ̀ Ọlọ́run, tí mi ò sì ní ṣẹ ìyá?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlámù. Ẹ má fi gbèsè yẹn da ọdún rú mọ́ ara yín lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ san án tán kí Iléyá tó dé; kí Rámádánì tó ń bọ̀ má bá a lọ́rùn yín ni. Ìyẹn sì di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2027. Kó tó dé, ẹ ó ti rí oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní lò ní Manchester, nígbà tí ààwẹ̀ kì í ju nǹkan bí wákàtí 11 lọ láti sààrì dé ìṣínu. Ìgbà òtútù yẹn ni èmi náà máa ń san tèmi níbí. Àíṣà, ìyàwó Ànábì, pàápàá sọ pé oṣù Ṣàbáánì, tó ṣáájú Rámádánì, ni òun máa ń ráyè san tòun.

Bó bá wù yín láti san díẹ̀ nílé, àwọn ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni kí ẹ lò. Ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ rárá. Ànábì pè wọ́n ní ọjọ́ jíjẹ, mímu àti ìrántí Ọlọ́run. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àárín wọn ló bọ́ sí. Tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, bá ń jó wọlé, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin kọjá, ẹ jókòó ti ìyá, kí ẹ jẹ ẹran yín. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ta ko ẹ̀sìn. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn.

Ọjọ́ Àráfà ló le, torí ọjọ́ yẹn ni ilé máa ń kún. Ẹ pe ìyá kí ẹ tó gbéra, ẹ má dúró dìgbà tí abọ́ bá dé iwájú yín. Ẹ ní: "Mà, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ gba Àráfà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi oúnjẹ mi pamọ́ di ìṣínu." Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tó bọ́ sí níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ìkéde Sultan Sókótó ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ó lè yàtọ̀ sí ti mọ́sálásí yín. Ní ti kí ẹ fi ààwẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ti gbèsè àti ti Àráfà, ẹnu àwọn ààfáà ò kò; ẹ bi tiyín.

Àráfà kì í ṣe dandan fún àgbàlagbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó bá yín jí ṣe sààrì. Bí òùngbẹ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, kó mu omi, kò jẹ gbèsè kankan.